Àga Mẹ́ta Nínú Yàrá Dókítà

Lẹ́tà mẹ́ta ló ti Udu, ní ìpínlẹ̀ Delta, wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá kan ló kọ ọ̀kan, ọmọkùnrin kan kọ òmíràn, ìbéèrè kúkurú kan sì wà láàárín wọn. Ìyá náà kọ́ ló bí ọmọkùnrin náà, wọn ò tilẹ̀ mọra wọn rí. Síbẹ̀, bí mo ṣe kà wọ́n tẹ̀ léra, ńṣe ló dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń lu ògiri kan náà, ọ̀kan láti ìta, ọ̀kan láti inú. Mo ti gé lẹ́tà wọn kúrú, mo sì yọ ohun tí aládùúgbò lè fi dá wọn mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Ilé-Olújìí ni mí, Urhobo ni ọkọ mi, Otor-Udu la ń gbé. Gààrí ni mò ń tà. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ogún ọdún, ṣàdédé ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Kì í sùn mọ́. Ó ní rédíò aládùúgbò ń ròyìn òun, ó wá fi aṣọ dí ojú fèrèsé. A kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà la tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá lọ, wọ́n á ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, pé ọmọ mi ti dàgbà. Èmi ni mò ń fún un lóògùn. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ lóru. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, mi ò mọ iṣẹ́ tí èyíkéyìí ń ṣe. Àwọn àna mi sì ní ìdílé tèmi ni nǹkan náà ti wá. Kí ni ṣíṣe? Ìyá Oníṣòro, Otor-Udu."

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí bàbá àtàwọn àna yín, ẹ ní mo ní mígwo, bí àwọn Urhobo ṣe ń kíni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àna kúrò lọ́nà. Irú àìsàn tí ẹ júwe yìí, tí èèyàn ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí ohun tí kò kàn án wá ń dà bíi pé òun ni wọ́n fi ń bá wí, àárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ìdílé lè lọ́wọ́ sí i, igbó mímu lè lọ́wọ́ sí i, wàhálà àti àìsùn sì lè tì í síwájú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pàdé kó tó ṣẹlẹ̀. Kò sí dókítà tó lè na ìka sí ìyá kan ṣoṣo pé ìwọ lo gbé e wọlé. Bí àwọn àna bá tún sọ ọ́, ẹ ní Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rí han òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Ẹ ò sọ ọsibítù tó jẹ́, mi ò sì ní bèèrè. Ọmọ ogún ọdún ló ni ara rẹ̀, dókítà ò gbọdọ̀ tú àṣírí rẹ̀ fún yín bí kò bá fẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ẹ má bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí dókítà sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ó bá tẹ́tí sí ohun tí ojú yín rí nílé, àṣírí ta ló tú?

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí. Nígbà tí mo ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, mo ní kí ìyá kan lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Oṣù méjì gbáko là ń fi kún oògùn ọmọ rẹ̀, tí a ń ṣe kàyéfì pé kò ràn án. Ọjọ́ kan ni mo bá ìyá náà pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ni gbogbo oògùn náà wà, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí òun máa sọ fún.

Bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti yanjú apá kan ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ní 1954, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọsibítù àìsàn ọpọlọ Aro lọ́wọ́, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bá àwọn ará abúlé tó yí i ká ṣàdéhùn pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Òfin kan ló fi dè é: ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ó kéré tán ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, tí á máa se oúnjẹ rẹ̀, tí á máa fọ aṣọ rẹ̀, tí á sì máa mú un wá sí ọsibítù láràárọ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ń sùn láàárín èèyàn, ó ń ṣiṣẹ́ oko, ó ń wòran ọdún bí wọ́n bá ń ṣọdún. Ayé gbọ́ nípa Aro. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn mí nínú ìtàn náà: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, a gbọ́ ohun tí dókítà ṣe, a gbọ́ ohun tí ìbátan ṣe, mi ò rántí pé a gbọ́ ohun tí aláìsàn kan sọ. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Peckham, ní London, lè ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú àìsàn yìí níbẹ̀. Ní 2016, ìjọba England ní kí ó kéré tán ìdajì àwọn tí irú àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ 2, nítorí bó bá ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ ni agídí rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé tún ní kí wọ́n bá ẹbí jókòó, ó kéré tán ìgbà 10, láàárín oṣù 3 sí ọdún kan, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Oṣù márùn-ún tiyín kò pẹ́ jù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Kẹ́ ẹ tó padà lọ, ẹ wá ìgbà tí ara ọmọ bá tù ú, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ bi í pé: "Kí lo fẹ́ kí n sọ fún dókítà? Kí lo ò fẹ́ kí n sọ?" Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Bó bá gbà kẹ́ ẹ wọlé, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ fún dókítà. Bí kò bá gbà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé: ọjọ́ tí kò sùn, oògùn tí kò lò, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ fún nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹ kọ ọ́. Ní ti oògùn mẹ́ta yẹn, ẹ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ló wà fún ohùn àti ìfura, èwo ló wà fún oorun, èwo ni kò jẹ́ kí ara le gbagidi? Ẹ lẹ ìdáhùn mọ́ ara páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tàbí pé ohùn náà ń pàṣẹ fún òun láti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tàbí tí kò jẹ tí kò mu, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Nínú ilé, ẹ dín àròyé kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Brown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London rí i nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 pé aláìsàn tó padà sí ilé tí wọ́n ti ń bá a wí ṣáá, àìsàn rẹ̀ máa ń tètè tún gbérí ju ti ẹni tí ilé tirẹ̀ tutù lọ. Àwọn kan fi èyí nà àwọn ìyá lẹ́gba, ìwà burúkú sì ni. Kò sí ẹni tó sọ pé àròyé ló dá àìsàn sílẹ̀. Ẹni tí kò sùn fún oṣù márùn-ún ni yóò ṣàròyé, nítorí náà, kí bàbá tàbí àbúrò ọmọ gba ìṣọ́ òru méjì lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Ìbéèrè kúkurú náà wá láti Aladja: "Àbúrò mi ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Bàbá wa fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo kan tó máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n. Ṣé kí n bá wọn jà?"

Nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, jà. Nítorí babaláwo, fara balẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti Kumasi, èyí tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní 2020. Aláìsàn 307 ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà ti ń bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, bi bàbá pé: ṣé babaláwo yìí á gbà kí nọ́ọ̀sì wá máa yẹ ọmọ wò níbẹ̀? Bó bá kọ̀, a ti mọ ibi tó dúró. Bí ó bá ti fún un ní àsófẹ́yẹjẹ, ẹ sọ fún dókítà, nítorí agbo náà lágbára gan-an, ó sì máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Uselu ní Benin ni ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ tó sún mọ́ yín jù.

Lẹ́tà kẹta nìyí. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, Ovwian ni mò ń gbé. Ọdún tó kọjá ni orí mi dàrú, ara mi sì ti ń bọ̀ sípò. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìyá mi ni wọ́n ń bi: ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń sùn, ṣé kì í bínú? Àfi bíi pé ewúrẹ́ ni wọ́n fà wá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi ń jẹ́ kí itọ́ máa dà lẹ́nu mi, ẹsẹ̀ mi le, mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo sọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo ti sá fún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi ò mọ̀."

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á.

Itọ́ tó ń dà àti ẹsẹ̀ tó le, oògùn ló sábà máa ń fà á, gbogbo dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ló sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè fi oògùn kékeré kan tì í lẹ́yìn tí á tú ara sílẹ̀. Èwo ni ti sùúrù níbẹ̀? Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o máa dá a dúró ní bòókẹ́lẹ́. Àìsàn náà lè má padà lọ́la, kó wá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìwọ náà ti gbàgbé pé o sá. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣì fi lo oògùn. Sọ fún dókítà pé o sá, sì sọ ohun tó lé ọ sá. Sọ bọ́ọ̀lù fún un pẹ̀lú. Bí ohun tó o fẹ́ ni kó o tún lè gbá bọ́ọ̀lù, òun ni kí wọ́n fi wọn oògùn náà.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Òfin tí Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀ fún irú àìsàn yìí, ọdún 1916 ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá, lábẹ́ àwọn òyìnbó, orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe aláìsàn gan-an ló wà lára rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀, òfin náà sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wọn dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, Hauwa Ojeifo, ẹni tó dá ẹgbẹ́ She Writes Woman sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ti la irú wàhálà yìí kọjá, lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin ní 2020. Kò rán ẹnikẹ́ni lọ sọ ọ́ fún un. Tún wo orílẹ̀-èdè Benin níbí. Ọmọ ibẹ̀ ni Grégoire Ahongbonon, fọkanáísà ni nígbà kan. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Nígbà tó gbádùn, ó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire ní 1983. Lónìí, nínú àwọn ilé ìtọ́jú rẹ̀, bíi èyí tó wà ní Avrankou nítòsí Porto-Novo, àwọn tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́sí wà lára àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn. Ẹni tí itọ́ ti dà lẹ́nu rẹ̀ rí kì í sọ fún ọ pé kó o ṣe sùúrù.

Ní ti ìyá rẹ, má lé e síta. Òun ló rí ọ lọ́jọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ò rí ara rẹ. Ohun tí mo fẹ́ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí òun wá fi tirẹ̀ tì í. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí bi í pé ṣé o sùn, ìwọ sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo fẹ́ dáhùn èyí fúnra mi." Kí àga mẹ́ta wà níbẹ̀, kó má sì sí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá.

Kó o tó lọ, gba bébà kan. Nísinsìnyí tí orí rẹ balẹ̀, kọ bí àìsàn náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: bóyá òru méjì tí o ò sùn, bóyá kó o máa da fóònù dojú dé, bóyá kó o máa yẹra fún ọ̀rẹ́ kan pàtó. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Kọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, ẹni tó o fẹ́ kí wọ́n pè, àti ohun tí o ò fẹ́ kí wọ́n ṣe rárá. Fún ìyá rẹ ní ẹ̀dà kan, kí òmíràn wà nínú fáìlì dókítà.

Lẹ́yìn náà, kó o kọ̀wé sí mi bó ṣe lọ. Bí ìyá rẹ bá fẹ́, fi ẹ̀yìn bébà sílẹ̀ fún un, kó kọ tirẹ̀ síbẹ̀.