Má Ta Ogún Rẹ Nítorí Ebi Ọjọ́ Kan

Ọmọ mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kò gba ìkánjú, mo sì mọ̀ pé wàá ní sùúrù fún mi, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ọ́.

O ti ka ìtàn Ísọ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ọdẹ ni; inú ìgbẹ́ ló ti ń bọ̀ tòun ti àárẹ̀, nígbà tí òórùn ọbẹ̀ pupa tí Jékọ́bù àbúrò rẹ̀ gbé kaná gba imú rẹ̀ kan, àwọn baba wa sì máa ń wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ogún ìbí, ipò àkọ́bí tí ìpín rẹ̀ nínú ohun ìní baba máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì, ṣe pàṣípààrọ̀ àwo ọbẹ̀ kan. Ó jẹ, ó mu, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó o kíyè sí nìyí: ebi tó ń pa á, ebi gidi ni, ọbẹ̀ náà kò sì ní májèlé nínú. Iye tó san lórí rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ebi mìíràn ti dé, ogún sì ti bọ́. Nígbà tó wá sunkún ìbùkún lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹkún kò dá a padà.

Bí àdánwò ṣe ń wọlé tọ onígbàgbọ́ náà nìyẹn. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ á tẹ́ ìwé owó síwájú rẹ, iye orí rẹ̀ á ti ju iye tí wọ́n ra ọjà lọ, á ní kó o ṣáà buwọ́ lù ú, owó ilé sì ń bẹ lọ́rùn rẹ. Tàbí kí ẹni tí o fẹ́ràn bi ọ́ pé kí lẹ tún ń dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó sí, nígbà tí ẹ ti mọ ọkàn ara yín. Gbèsè owó ilé, òótọ́ ni. Ìfẹ́ àárín yín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè ohun tí o fẹ́ fi san án.

Wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù tó ṣe òdìkejì ohun tí Ísọ̀ ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọmọ ọdún 24 ni, ó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́: iṣẹ́ ìjọba òyìnbó, iṣẹ́ olówó oṣù, irú èyí tí òbí ń fi ọmọ yangàn nígbà náà. Ẹ̀rọ náà kọṣẹ́, ibi tó ti ń tún un ṣe ló sì ti gbọ́ ìpè Olúwa pé kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀gàn àti àìní ló kọ́kọ́ bá pàdé. Kódà lẹ́yìn ìsọjí ńlá tó ṣe ní Òkè-Oóyè ní Iléṣà ní 1930, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn rọ́ lọ, wọ́n ṣì fi í sẹ́wọ̀n ní Benin ní 1932. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ó sùn nínú Olúwa ní 1959. Kò sẹ́ni tó rántí owó oṣù tó pàdánù mọ́, ṣùgbọ́n ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) tó fi ayé rẹ̀ sìn ti dé ilẹ̀ òkèèrè, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní Ìkéjì-Arákejì, níbi tí a ti pè é. Èrè tí Ọlọ́run pa mọ́ dè é lókè, ojú wa kò tíì rí i.

N kò ní kó o kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìpè kálukú ló yàtọ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé nígbàkígbà tí ìfẹ́ ọkàn bá ń dà ọ́ láàmú, má dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí ilẹ̀ mọ́, wà lórí eékún rẹ, wá àgbà kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run, kó o sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìku ẹyọ kan. Ohun tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run kì í sá lọ nítorí pé a dúró. Má ta ogún rẹ, ọmọ mi. Olúwa yóò fún ọ ní ọkàn tó lè dúró.