Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Wo Ibi Tí Purotéènì Ti So Kọ́ra

Bí o bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo purotéènì méjì tó so kọ́ra, má ṣe kọ́kọ́ mú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Mú hìmóglóbìn, èyí tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Ta ni kò mọ ojú tí àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ SS ń rí?

Oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì ló para pọ̀ di hìmóglóbìn: wá P69905 (álífà) àti P68871 (bẹ́tà) lórí UniProt, ojúlé tí wọ́n kó purotéènì jọ sí. Wàá rí lẹ́tà tó tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ámínò ásíìdì kan. Ti bẹ́tà bẹ̀rẹ̀ báyìí: MVHLTPEEKS. Yí E àkọ́kọ́ sí V. Lẹ́tà kan yìí ló di fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwé á ní ipò 6 ni, ìwọ á ka 7, torí pé M iwájú yẹn máa ń já kúrò nínú ara. Mo ti yí P dípò E rí, ọ̀sán odindi ló bá a lọ.

Kó àwọn lẹ́tà náà lọ sí AlphaFold Server, tó ń fi wọ́n dábàá bí purotéènì ṣe rí; ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò fi ṣòwò. Álífà méjì, bẹ́tà méjì. Wo ipTM, òṣùwọ̀n bí ìsokọ́ra náà ṣe dájú tó: tó bá ju 0.8 lọ, ó ṣeé gbára lé. Tí kò bá tó 0.6, ó jọ pé ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n E ni o, V ni o, àwòrán méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. AlphaFold kì í mọ iṣẹ́ ibi tí lẹ́tà kan lè ṣe.

Nítorí náà, ṣí ChimeraX, ètò tí a fi ń wo àwòrán purotéènì, kí o tẹ open 2hbs. Èyí kì í ṣe àbá kọ̀ǹpútà. Kírísítà gidi ni wọ́n fi ìtànṣán X yà, hìmóglóbìn SS méjì tí kò gbé ọ́síjìn dání. Tẹ show :6,85,88, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Wàá rí V ti ọ̀kan tó ki orí bọ ihò lára èkejì, F 85 àti L 88 sì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sá fún omi bí epo, ni wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra. E fẹ́ràn omi, kò ní wọ ibẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń so kọ́ra di okùn gígùn tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì pupa wọ́.

Padà sórí àwòrán AlphaFold, kí o wá irú rẹ̀. O ò ní rí i. Ihò náà wà, àmọ́ hìmóglóbìn kan ṣoṣo lo ní kó tò. Aládùúgbò tí ì bá ki orí bọ̀ ọ́ kò sí nílé.