Súíìṣì Kékeré fún Ilé àti Ọ́fíìsì: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí tí Ó Yẹ Wá

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan, mo mọ̀ pé ìwàásù ni ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí lọ́wọ́ mi. Ẹ forí jì mí. Ohun tí àwọn akẹgbẹ́ mi àtijọ́ máa ń béèrè bí wọ́n bá yà sí ọ́fíìsì mi ni àpótí kékeré orí tábìlì tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Súíìṣì ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná lára ògiri o. Ẹ̀rọ tí ó ń so kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ara wọn nípasẹ̀ wáyà ni. Púpọ̀ nínú wa ti fẹ̀yìn tì, a sì ti dá ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa mìíràn ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Nítorí náà ni mo ṣe yàn án.

Kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tẹ́lẹ̀ tí a ń pè ní hub. Bí kọ̀ǹpútà kan bá rán iṣẹ́ sí èkejì, hub a ṣe bí akéde tí ń lu agogo yí ìlú ká: gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ohun tí ó kan ẹnì kan ṣoṣo. Súíìṣì ní tirẹ̀ dà bí ìránṣẹ́ tí ó ti mọ ojúlé olúkúlùkù. Ẹni tí a rán an sí nìkan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún, àfi ìwọ̀nba ìkéde tí ó gbọ́dọ̀ dé etí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín jẹ: bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sanwó fún bá ń wọ́, súíìṣì kò lè mú un sáré. Ohun tí ń lọ láàárín àwọn ẹ̀rọ inú ilé ni ó lè mú yá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà 2, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 1, àpótí tí ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ 1: 4 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a wá ra oníhò 5, wọn a rò pé ọ̀kan ṣẹ́kù. Kò ṣẹ́kù rárá, nítorí wáyà tí ó ti ara ráútà wá gbọ́dọ̀ gba ihò kan. Ẹ ra oníhò 8. Ẹ má sì ṣe bí èmi ti ṣe. Oníṣòwò kan ta oníhò 24 fún mi, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Fáànù inú rẹ̀ ń kùn bí ilé oyin, n kò lè ka ìwé mọ́. Ihò 19 lára rẹ̀ kò rí wáyà rí títí mo fi fi í tọrẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìyára. Bí a bá kọ 10/100 sí ara páálí rẹ̀, 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin agbára rẹ̀. Ìlọ́po 10 èyí ni gigabit. Fídíò ìsìn tí ó tó gígábáìtì 10 yóò gbà ju ìṣẹ́jú 13 lọ lórí ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, ìṣẹ́jú 2 lè tó, bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò bá lọ́ra. Gigabit ni kí ẹ rà. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Cat5e ó kéré tán, kí ó jẹ́ bàbà gidi, kí ó má sì gùn ju mítà 100 lọ. Okùn wẹ́wẹ́ 8 ni ó wà nínú rẹ̀, gigabit sì ń lo gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá já, ìyára lè já wálẹ̀ sí 100 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Bí kámẹ́rà yín bá ń gba iná láti inú wáyà yìí kan náà, ẹ béèrè èyí tí a kọ PoE sí lára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má ṣe sanwó fún un.

Ní ti iná mànàmáná, súíìṣì kékeré kì í jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ. Ínfátà kékeré lè gbé e. Ádáptà rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Orí ádáptà méjì lè bára mu kí fóòtì wọn yàtọ̀: súíìṣì kan ń fẹ́ 5, òmíràn ń fẹ́ 9 tàbí 12. Mo ti lẹ bébà pélébé mọ́ tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tí a ń parí ìṣirò owó ọdún, gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé owó kò lè ṣí ìwé kankan, àwọn olùyẹ̀wò sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo iná ara súíìṣì ń ṣẹ́jú pọ̀ kíkankíkan. Oníṣẹ́ kan wò ó, ó ní ó ti jóná, kí a ra tuntun. A ti ń ka owó lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti fa ìkẹfà yọ, ohun gbogbo padà bọ̀ sípò. Wáyà kọ̀ǹpútà kan tí a gbé lọ tún ṣe ni. Ẹni tí ó gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ rí orí rẹ̀ nílẹ̀, ó sì fi inú rere tì í bọ ihò tí ó ṣófo, láìmọ̀ pé orí kejì wà nínú súíìṣì kan náà. Ìkéde tí ó bá jáde ní ihò kan a gba èkejì wọlé, a tún jáde, a sì máa pọ̀ sí i títí kò fi ní sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn súíìṣì kan wà tí ó lè mọ irú àyípo bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò sì ti ihò náà pa. A máa ń kọ loop detection sí ara páálí wọn. Irú rẹ̀ ni ó wà lórí tábìlì mi nísinsìnyí. Èyí tí oníṣẹ́ ní ó jóná ṣì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àwọn akọrin.