Níbo Nínú Ìdí Ló Ń Ro Yín?

"Ìdí ń dùn mí." Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú oníṣègùn, òun náà ni wọ́n sì fi ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ojú ihò ìdí ni? Ṣé ẹran ìdí tí a fi ń jókòó ni? Àbí ẹ̀gbẹ́, lápá ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ń sùn lé? Ìdí ni Yorùbá ń pe gbogbo rẹ̀, ìdí náà ló sì ń pe ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìsàlẹ̀ igi àti orísun ọ̀ràn. Kì í kúkú ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. Àwọn tí a ní la kì í lò, pàápàá níbi tí ìlò wọn ti lè yí ìtọ́jú tí wọn yóò fún wa padà.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní iyàrá onífísíò, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara ríro. "Níbo ló ń dùn yín, mà?" "Ìdí ni, ọmọ mi." "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i." Màmá á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn ìró látòkè délẹ̀: "Gbogbo ibí yìí ni." Ìgbà tí ọmọ náà bá bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni ìka yóò tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, sórí eegun kan tó yọ gọngọ lókè itan. Ìgbáròkó nìyẹn. Bó bá jẹ́ àárín ẹran ìdí ni ìka bọ́ sí, ẹjọ́ mìíràn ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ojú ń tì láti dárúkọ ìdí rárá; "ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni" ni wọ́n máa ń wí. Ọmọlúwàbí ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọn yóò bá wọn tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ tó wá ń da gbogbo rẹ̀ rú ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tí ń jẹ ìdí ni orúkọ náà ń sọ, kò sì sí ìdí tó ń dùn ènìyàn tí wọn kì í dá a lẹ́bi rẹ̀. Awakọ̀ tó jókòó láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí ẹran ìdí ń ro, á ní ṣúgà tí òun jẹ lánàá ló di jẹ̀dí, á sì dúró lọ́dọ̀ alágbo kí ó po agbo jẹ̀dí mọ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn fún òun. Jẹ̀díjẹ̀dí gidi, iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ihò ìdí ló wú; ó lè yún ènìyàn, ó lè ṣẹ̀jẹ̀ nígbà ìgbẹ́. Kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti gun àtẹ̀gùn. Kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa. Mo ń gbọ́ lórí rédíò báyìí pé "mo ń ní ìrora ní ìgbáròkó mi". Yorùbá kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yà ara ló ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn wa, ènìyàn ló ń jẹ ìyà rẹ̀: orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, ìgbáròkó ń ro mí. A kì í tilẹ̀ sọ pé "ìgbáròkó mi ń ro mí", nítorí kò sí ẹni tí ìgbáròkó ẹlòmíràn ń ro. Ẹ sì ṣọ́ "dùn": "ó dùn mí" jẹ́ ẹkún, "ó dùn mọ́ mi" jẹ́ ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ bá mú ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ohun tó ń ro ènìyàn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó, tó ń le sí i lóru bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn, tàbí bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, iṣan tó so ẹran ìdí mọ́ eegun ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún ló ń bá jà jù. Èyí tó ń ta láti àárín ìdí gba ẹ̀yìn itan lọ sí ẹsẹ̀ yàtọ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lára ló gba abẹ́ ẹran ìdí kọjá, bí ẹran náà bá sì le tó fún un mọ́lẹ̀, á máa ta, ẹsẹ̀ á máa kú. Ẹni tó ń jókòó lé pọ́ọ̀sì tó nípọn lápò ẹ̀yìn kò ṣàjèjì sí i. (Ẹ kíyè sí i pé iṣan ni mo pe gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà rù ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ máa fi nǹkan ti i lẹ́yìn: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára, iṣan tó so ẹran mọ́ eegun.)

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí ni pé ohun tó ń wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́. Ẹ mú nínà. Ẹni tí ẹran àárín ìdí le, ọ̀pọ̀ onífísíò á ní kó dùbúlẹ̀, kó fa eékún wá sí èjìká òdìkejì, kí ẹran náà lè nà. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó ń ro, bó bá fa ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni iṣan tó ti ń dùn ún á tún fún mọ́ eegun. Òun ni wọ́n ń sọ fún pé kó má fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ jókòó, kó má gbé gbogbo ara lé ìgbáròkó kan tó bá dúró tàbí tó bá gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì fi ìrọ̀rí sáàárín eékún méjèèjì tó bá ń sùn.

Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìwádìí kan tí Jan Rompe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 fi abẹ́rẹ́ cortisone, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì gbá ara, àti ìdárayá inú ilé wé ara wọn lára ènìyàn 229 tí ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó ń ro. Lẹ́yìn oṣù kan, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ló ti sàn. Àwọn tó ń ṣe ìdárayá, ìdá 7 péré. Nígbà tó di oṣù 15, ọ̀rọ̀ yí padà: ìdárayá 80, ẹ̀rọ 74, abẹ́rẹ́ 48. Ní Ọsirélíà, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018 lára ènìyàn 204 rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ 8, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n là lọ́yẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe ìdárayá ló ní ara àwọn ti yá dáadáa, ìdá 58 nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, ìdá 29 nínú àwọn tó kàn ń wòran. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí màá yàn.

Eré ìdárayá ni wọ́n sábà ń pe ìtọ́jú náà, kò sì wù mí. Bàbá tó gbọ́ "eré" á rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí òun lọ gbá. Iṣẹ́ ni. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká eékún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá ṣe é á mọ̀ pé kò sí eré níbẹ̀. Ìdárayá nìkan tó.

Iṣẹ́ físíò ti wà ní ilé ìwòsàn Ìgbòbí nílùú Èkó láti 1945, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ẹni tó ń wọ́ra ni ọ̀pọ̀ ṣì ń pe onífísíò. Wíwọ́ dára, ó ń mú ara rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fún iṣan tó so ẹran mọ́ eegun lágbára. Bẹ́ẹ̀ sì ni wíwọ́ kì í ṣe rírà: ẹni tó fi ìpara Aboniki ra ìdí, awọ ló mú gbóná. Ẹ tún ṣọ́ àmì orí "rọ" yẹn o. Ẹsẹ̀ tó rọ́, ó ṣèèṣì yí ni. Ẹsẹ̀ tó rọ̀, ara ti tù ú. Ẹsẹ̀ tó rọ, kò lè rìn mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì lè kó ìdààmú bá gbogbo ẹbí.

Ìdárayá kò wà fún gbogbo ọ̀ràn. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí ìgbáròkó bá ń ro, orí eegun itan rẹ̀ lè máa kú lọ. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Ẹni tí abẹ́ rẹ̀ láàárín itan bá kú tipiri, tí kò lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú mọ́, kó má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onífísíò, ẹ dárúkọ ibẹ̀ bó ṣe ń jẹ́, ẹ fi ìka kan hàn án, kí ẹ sì sọ bóyá ó ń ro ni, ó ń ta ni, tàbí ó ń gún. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ìdí ni, ẹ má pè é ní ẹ̀yìn.