Bí Mo Ṣe Ń Ṣọ́ Gẹ́ẹ̀sì Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo rò pé mo gbọ́ Gẹ́ẹ̀sì tó. Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ ni ó là mí lójú: ó padà sí ọwọ́ mi bí aṣọ funfun tí a da epo sí. Mo wo máàkì, mo ká ìwé náà, mo fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni èkejì àti ẹ̀kẹta rí. Ẹni tí Gẹ́ẹ̀sì bá sì bì ṣubú kò ní gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà láti fi san owó mi.

Olùkọ́ wa kò ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí n kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ gan-an, bí mo bá ṣe kòńgẹ́ èyí tí ó tọ́, yóò kọjá láìsọ nǹkan. Nígbà tí ó yá, ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àyè sílẹ̀ ní etí ìwé. Kí ó kọ nọ́ńbà sí abẹ́ ibi tí ó ń ṣiyèméjì, kí ó sì kọ ìbéèrè rẹ̀ sí etí ìwé. Olùkọ́ yóò dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tún àròkọ náà kọ. Irú ọ̀nà yìí ni Maggie Charles ṣàlàyé ní ọdún 1990 nínú ìwé àwọn olùkọ́ tí a ń pè ní ELT Journal.

Ìbéèrè bíbéèrè ni iṣẹ́ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé èyí dára?” Olùkọ́ dáhùn pé, “Kí ni ń bà ọ́ lẹ́rù nínú rẹ̀?” N kò lè sọ. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni mo ní, n kò tíì ní ìbéèrè.

Ọ̀nà náà ní àléébù kan: a kì í béèrè ohun tí a kò rí. Mo kọ ọ́ pé, “My mother go to the market and he sell all the food.” Lórí “the” ni mo béèrè. Olùkọ́ dá mi lóhùn, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, “Tún ka ọ̀rọ̀ tí o fi dúró fún ìyá rẹ.” Ẹ̀rín pa mí: mo ti sọ ìyá mi di ọkùnrin! “Ó” kan náà ni Yorùbá ń lò fún akọ àti abo. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa pẹ̀lú kì í yí padà. Ó tà á lánàá, yóò tà á lọ́la, “tà” náà ni.

Láti ìgbà náà, mo ń ka àròkọ mi sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kan fún “he” àti “she”, lẹ́ẹ̀kan fún ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún “s” tí ń fi ọ̀pọ̀ hàn. Ẹ má ṣe ya tèmi lò o. Ọ̀rẹ́ mi ará Kano kò nílò ti àkọ́kọ́, nítorí Hausa ya “shi” sọ́tọ̀ kúrò lára “ita”. Èyí tí ó ti Lomé wá kọ ọ́ pé òun ra ìwé ní “library”, nítorí ilé ìtàwé ni “librairie” nínú èdè Faransé.

Ìbéèrè mọ́kànlá ni ó wà ní etí àròkọ mi ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Olùkọ́ dáhùn mẹ́ta nínú wọn pé, “O tọ̀nà.” Ìdánwò ku oṣù méjì.