ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Èèpo ìwé tó ń pe oníbàárà l'Ónitsha

Láti nǹkan bí 1947 títí ogun abẹ́lé Nàìjíríà fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ìwé pẹlẹbẹ kún ọjà Onitsha: ìtàn ìfẹ́, eré oníṣe, ìmọ̀ràn lórí owó. Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ, tó jáde ní 1956, wà lára àwọn tó tà jù. Kí ènìyàn tó ṣí ìwé, èèpo rẹ̀ ti pè é.

Lórí àwọn èèpo kan, àwòrán òṣèré sinimá òkè òkun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìtàn ọmọbìnrin Ìgbò! Ojú òṣèré yẹn kì í ṣe ojú ẹnì kan pàtó mọ́. Ó ti di àmì ìfẹ́ ìgbàlódé.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ mú fọ́tò obìnrin tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ kọ "Olólùfẹ́ Mi" sí òkè rẹ̀: ó ń retí ẹnì kan. Ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kí ẹ kọ "Ẹ Ṣọ́ra fún Obìnrin": ẹ̀rín kan náà ti di ẹ̀rín ẹlẹ́tàn. Roland Barthes, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ní 1964 pé ọ̀rọ̀ máa ń so ìtumọ̀ àwòrán mọ́lẹ̀ bí ìdákọ̀ró ṣe ń so ọkọ̀.

Wàyí o, ẹ sún obìnrin náà sí igun ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àyè òfìfo síwájú rẹ̀. Ó dá wà. Ẹ ya ọkùnrin kan sí àyè yẹn, kó kọ ẹ̀yìn sí i: ìjà ti dé.