Ilẹ̀ Ẹni àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún àwa ẹrú Rẹ̀ láti máa gbé orí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a ń rán ara wa létí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ní ọjọ́ Jímọ̀ òní, a sì fẹ́ kí ìránnilétí náà kan ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn: ilẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn ilé gbígbé, tí ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wa fẹ́ sọ di ibi ìtagáàsì ìdáná.

Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín wa sí méjì. Àwọn kan ní ilẹ̀ rẹ̀ ni, owó hálálì ni ó fi rà á, gáàsì kì í ṣe ọtí, àwọn ìyàwó ilé kò sì ní máa gbé sílíńdà rìn jìnnà mọ́. Àwọn mìíràn ní ògiri tí ó pààlà ilẹ̀ náà jẹ́ ti ilé tí àwọn ọmọdé ń sùn sí, àti pé ẹ̀yìn ilé kejì ni ibi tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Apá méjèèjì ni ó ń kírun lẹ́yìn lèmọ́mù kan náà.

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ẹ̀sìn wa ka dúkìá Mùsùlùmí sí ohun ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè tìtorí pé àwọn púpọ̀ ń pariwo gba ilẹ̀ ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Súratu Nisái, ẹsẹ 36, Ọlọ́hun so ìjọsìn Rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣíṣe dáadáa sí òbí àti ìbátan, Ó sì ka aládùúgbò tí ó sún mọ́ni àti èyí tí ó jìnnà síni mọ́ wọn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun náà sọ fún wa pé Jibrīl kò yé rán òun létí ọ̀rọ̀ aládùúgbò títí òun fi rò pé yóò sọ ọ́ di ajogún.

Hádíìsì kan wà tí Nu'mān ọmọ Bashīr gbà wá, tí Bukhārī kọ sílẹ̀, tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi kan mu ìbó, àwọn kan bọ́ sí òkè, àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí omi bá gbẹ àwọn ará ìsàlẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ni wọ́n ń gbà kọjá lọ pọn ọ́n. Wọ́n wá rò ó pé àwọn yóò lu ihò sí ìpín tiwọn, kí àwọn má baà máa yọ àwọn ará òkè lẹ́nu mọ́. Ànábì sọ pé bí àwọn ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé, bí wọ́n bá sì di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àwọn ará ìsàlẹ̀ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Èrò rere ni wọ́n gbà, ìpín tiwọn ni wọ́n sì fẹ́ lu. Omi òkun ni kò ní béèrè ẹni tí ó ni pákó tí ihò wà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé dídi ọwọ́ mú ni Ànábì wí. Kò wí pé kí wọ́n jù wọ́n sínú omi.

Àwọn alùfáà ìlànà Mālik, tí àwa ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ọ̀kan nínú wọn ni Ibn ar-Rāmī ará ìlú Tunis, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1334. Kọ́lékọ́lé ni, àwọn adájọ́ sì máa ń rán an lọ wo ibi tí aládùúgbò méjì bá ti ń jà, ohun tí ó rí ni ó kó jọ sínú ìwé tí ó kọ lórí ètò ilé kíkọ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣọ́ra fún: èéfín ilé ìwẹ̀ àti ààrò búrẹ́dì, òórùn ibi tí a ti ń fọ awọ, àti ariwo ọlọ tí ń mi ògiri. Wọ́n tún máa ń béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ́lé ti ibi ìfọwọ́ kò lè wá pariwo òórùn bí ẹni tí wọ́n wá bá nílé.

Bí ó ṣe ń yẹ ọlọ wò ni ó wú wa lórí jù. Yóò so bébà kan rọ̀ láti òkè àjà pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò da hóró ewéko gbígbẹ díẹ̀ sórí rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n yí ọlọ. Bí hóró náà bá mì, a jẹ́ pé ìpalára wà, kí ọlọ́lọ dá iṣẹ́ dúró. Bí kò bá mì, a ó ní kí aládùúgbò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọn kì í fi ìbínú tàbí ìmọ̀lára ṣe ìdájọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìbẹ̀rù lásán ni èyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà àtijọ́ ní Ìbàdàn, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà là sílẹ̀ fún ilé gbígbé. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn farapa, ilé tí ó jìnnà síbẹ̀ pàápàá sán. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé àwọn tí ń wa kùsà láìgbàṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Gáàsì ìdáná kì í ṣe ohun abúgbàù kùsà, a kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí a ń wí ni pé ohun tí ẹnì kan ń ṣe nínú ọgbà rẹ̀ lè wó ilé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Òfin ìlú pàápàá fara mọ́ èyí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú, òfin ìṣètò ìlú ọdún 1992 sì ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí ó fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ padà, kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí náà ọ́fíìsì ìṣètò ìlú ti ìpínlẹ̀ wa ni a ó gba lọ, kì í ṣe Àbújá. Ìwé tí mọ̀lẹ́bí fi ta ilẹ̀ fúnni kì í ṣe ìwé àṣẹ yìí. Bákan náà ni ìwé àṣẹ àjọ tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, èyí tí ń wo ààbò níbi ìtajà gáàsì, kò lè dípò ti ìṣètò ìlú. Méjèèjì ni a ó béèrè.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀: gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ni ó ń rá bá lọ, inú gọ́tà àti ibi kòtò ni ó ń kó jọ sí, títí yóò fi rí iná. Gọ́tà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yìí kọjá ni ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Èyí ni hóró orí bébà tiwa, òun ni kí a fi síwájú àwọn aṣètò ìlú.

Kí ọ̀dọ́ kankan má sọ òkò sí ọgbà onílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dákẹ́, nítorí rìbá ni. Ẹni tí ń ta gáàsì ní ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ láìgbàṣẹ, tí ó wá ń pariwo jù lọ, kí ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò bóyá aládùúgbò ni ó ń gbà sílẹ̀ tàbí ọjà. Òfin kan náà kan ilé ìjọsìn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí ilé tí a bá fẹ́ fẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà méjì láti inú jámáà yóò lọ bá onílẹ̀ jókòó. Wọn yóò béèrè ìwé àṣẹ méjèèjì, wọn yóò sì bá a wo bóyá ilẹ̀ mìíràn wà lójú títì ńlá tí òwò náà lè bọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá níyanjú, a ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìṣètò ìlú, a ó ya àwòrán ọ̀nà tí gọ́tà gbà mọ́ ọn, àwọn tí ilé wọn pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan lẹ́tà náà yóò lọ sí ọwọ́ onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí ó má baà jẹ́ pé lẹ́nu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́.